Òróró Tó Dọ̀tí Ń Jẹ Irin Mọ́tò

Ẹ̀yin awakọ̀ Tchaourou tí ẹ ń wa Peugeot 504 lọ sí Parakou, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo, ẹ tẹ́tí náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ọdún 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde. Èyí tó ṣì ń rìn lọ́dọ̀ wa ti dàgbà. Àwọn awakọ̀ wọn sì máa ń sọ pé: “Mọ́tò mi ń jẹ òróró. Mò ń bù kún un lójoojúmọ́. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe vidange fún?” Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi ìkòkò bá dọ̀tí, tí a bu omi tuntun lé e, ṣé ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ti kúrò?

Nínú ẹ́ńjìnnì, irin ń yí lórí irin. Òróró ló wà láàrin wọn tí wọn kò fi ha ara wọn. Ó tín-ín-rín ju irun orí lọ níbẹ̀. Eruku pupa ọ̀nà wa ń gba asẹ́ afẹ́fẹ́ tó ti ya wọlé, pàápàá nígbà ọyẹ́. Epo tó jóná ń da èédú sí i. Èérún irin ń bọ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ á dà bí yanrìn tí a fi ń họ ìkòkò. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ló ń họ irin.

Ti mọ́tò tó ti gbó ló burú jù. Òrùka pístìn rẹ̀ ti jẹ, àyè ti wà. Èéfín ń gba àyè náà sọ̀ kalẹ̀ sínú òróró. Òróró á tètè dọ̀tí, á tún jẹ òrùka náà, àyè á tún fẹ̀ sí i. Nítorí náà, mọ́tò àgbà ló yẹ kí a tètè máa pààrọ̀ òróró rẹ̀ ju tuntun lọ. Ẹ pààrọ̀ asẹ́ òróró pẹ̀lú. Bí ó bá dí, òróró á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìsẹ́.

Ẹ má wo àwọ̀ nìkan. Òróró ẹ́ńjìnnì gásóìlì máa ń tètè dúdú, kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Kilomita ni kí ẹ kà. Lójú ọ̀nà eléruku, èmi ò ní jẹ́ kó kọjá 5000. Aago kilomita ọ̀pọ̀ 504 ti kú, mo mọ̀. Ẹ ka ìrìn-àjò nígbà náà. Àlọ àti àbọ̀ Parakou lé ní kilomita 100. Ẹ fa ilà kan sínú ìwé yín fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ilà bá pé 45, àkókò tó. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ti ẹ̀rọ ọlọ, wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ ni kí ẹ̀yin ìyá kà.

Bíi líta 4 ni 504 ń gbà. Ó wọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá dì mọ́ yín lọ́wọ́ ní ọ̀nà Kilibo, gbèsè olówó mọ́tò ṣì wà lọ́rùn yín, owó ilé-ìwé ọmọ sì ti lọ.

Ẹ gba òróró àtijọ́ sínú bídóòn. Ẹ má dà á sí ìtòsí kànga.