Kí Òṣìṣẹ́ Má Tọrọ Owó Iṣẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, nígbà tí Ànábì Mùsá dé Madyan, ó bá obìnrin méjì tí wọ́n ń dá ẹran wọn dúró títí àwọn darandaran yóò fi kúrò níbi omi. Ó bá wọn fún ẹran náà lómi, ó sì padà sábẹ́ ibòòji. Kò bèèrè owó. Àlùkùránì Alápọ̀nlé, nínú Súrà 28, fi yé wa pé baba wọn ni ó ránṣẹ́ pè é láti san ẹ̀san iṣẹ́ rẹ̀. Owó iṣẹ́ ni ó wá òṣìṣẹ́ lọ.

Lónìí, télọ̀ tí ó fi òru rán aṣọ Iléyá ni ó ń pààrà ilé oníbàárà. Ẹni tí ó ra àgbò ńlá a ní kí ó padà wá lọ́la. Bẹ́ẹ̀, àwìn ni télọ̀ ra òwú.

Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ni pé àbòsí ni bí olówó bá ń fi gbèsè falẹ̀. Ní ti aláìní, Súrà 2 ní kí a fún un láyè títí ara yóò fi dẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ẹ dá ọjọ́, ẹ sì san án kí òṣìṣẹ́ tó bẹ̀ yín. Ìrun kíkí kì í san gbèsè. Kí Ọlọ́hun fi wá sára àwọn tí ń mú àdéhùn ṣẹ. Àmín.