Ọlọ́pàá orí tẹlifíṣàn kọjá ẹnubodè: Ta ló wá di olè?



Ní Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan níbí ní Darkuman. Eré ọlọ́pàá kan láti Nàìjíríà ń lọ lórí tẹlifíṣàn. Ariwo ẹ̀rọ ìgẹrun kò jẹ́ ká gbọ́ nǹkan kan, àwòrán nìkan la rí: ọkùnrin kan yọ ìbọn, ó jalè, ó sá lọ. Onígbàjámọ̀ náà, ọmọ Gáná tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe nílé yín?" Àwàdà ló fi ṣe. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Eré ọ̀daràn kì í kọjá ẹnubodè láì pààrọ̀ aṣọ. Ẹ wo The Bridge, tí Denmark àti Sweden jọ ṣe ní 2011. Wọ́n bá òkú lórí afárá tó so orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀, ní ojú ààlà gan-an, ó wá di dandan kí ọlọ́pàá méjèèjì jọ ṣiṣẹ́. Nígbà tí Amẹ́ríkà tún un ṣe ní 2013, wọ́n gbé òkú náà lọ sí ààlà El Paso àti Juárez, ní Mexico. Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: àwọn obìnrin tí wọ́n ń pa ní Juárez àti oògùn olóró ló gba iwájú.

Tiwa ńkọ́? Showmax ṣe Crime and Justice ní Kenya ní 2021. Silas àti Makena ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ibẹ̀. Ní 2022 ó dé Èkó, wọ́n di Danladi àti Kelechi. Ẹ tẹ́tí sí orúkọ yẹn dáadáa. Ẹni tó ń kọ eré ọlọ́pàá ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ wọn orúkọ bí ẹni ń wọn gaàrí: bí olè bá jẹ́ Yorùbá, ẹ̀yà wo ni ẹni tó mú un? Ọdún méjì péré lẹ́yìn EndSARS sì nìyẹn. Ká sòótọ́, ó ṣòro fún èmi gan-an láti gba ọlọ́pàá rere gbọ́ nígbà náà.

Àmọ́ tí eré náà bá ti kọjá Aflao, gbogbo ìwọ̀n yẹn dànù. Kò sí Danladi mọ́, kò sí Kelechi, ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wọn. Nígbà tí Inspector Bediako ń mú olè lórí tẹlifíṣàn Gáná níbí, ta ló pe olè náà ní "ọmọ Gáná"? Olè lásán ni.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí àwọn kan jáde ní Accra pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ, ìwà ọ̀daràn wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wa lẹ́sẹ̀. Mi ò sọ pé eré ló fà á. Ọ̀daràn gidi wà láàrin wa, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ọmọ Nàìjíríà kankan ládùúgbò, níbo ló ti ń rí wa?

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi pa ẹ̀rọ náà díẹ̀. Ó pa á, ohùn wá jáde. Ó ní kí n máa túmọ̀ Yorùbá ibẹ̀ fún òun, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn máa bá olè náà. Ìgbà tí eré fi parí, ìdajì orí mi ni kò tíì gẹ̀.