Owó Sẹ́fà, Owó Náírà: Kí Èrè Wa Má Baà Ṣòfò Lójú Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí akọ̀wé sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, a rò ó títí. Ọ̀rọ̀ àjọ, ọ̀rọ̀ èlé, ọ̀rọ̀ kí á máa tètè dá lóònù padà, gbogbo rẹ̀ la ti sọ sẹ́yìn. Ọ̀kan wà tí a máa ń sọ lábẹ́lẹ̀ tí a kò tíì gbé síta rí. Òun ni ọ̀rọ̀ owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa níbi tí a ti ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, nígbà tí a bá ń lọ ra ọjà ní Kútọnu àti Lómẹ. A mọ ọjà ná. A lè fi wákàtí kan jà lórí 200 sẹ́fà pẹ̀lú ẹni tó ń ta aṣọ. Ṣùgbọ́n a ti lè pàdánù 5,000 láàárọ̀ ọjọ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ́ owó fún wa ní bọ́dà, tí a ò sì ní mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ara wa. Ní ọdún 2009, àwa mẹ́rin la jọ lọ. Ọkọ̀ ti pẹ́ lọ́nà, dírẹ́bà ń pariwo pé ká ṣe kíá. Nígbà tí a dé bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, ọmọkùnrin kan sáré tọ̀ wá wá, iye tó pè dára ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Inú wa dùn. Ó ka owó lójú wa, ó pé. Ó tún gbà á padà, ó ní òun fẹ́ fi èyí tó kù kún un. Ó ká a, ó fi rọ́bà dè é, ó kó o lé wa lọ́wọ́, ọkọ̀ sì gbéra. Nígbà tí a dé ọjà Dantokpa ní Kútọnu, a kà á, ó fi 40,000 sẹ́fà dín. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Ìyá tó ń ta aṣọ fún wa yẹ owó tí a fún un wò, ó yọ ìwé 10,000 méjì sọ́tọ̀, ó ní, "Ìyá mi, èyí kì í ṣe tiwa."

Òótọ́ ló sọ. Oríṣi owó sẹ́fà méjì ló wà. Ọ̀kan ni ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ń ná, lára wọn ni Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Niger, Senegal àti Côte d'Ivoire. Ìkejì ni ti àárín gbùngbùn Áfíríkà, tí wọ́n ń ná ní Kamẹrúùnù, Gabon, Chad àti àwọn mìíràn. Iye kan náà ni wọ́n lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ti Kamẹrúùnù ra ọjà ní Kútọnu. Ẹni tó bá sì gbà á lọ́wọ́ yín, yóò yọ nínú rẹ̀ dáadáa.

Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n? Owó ìwé tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò láti ọdún 2003 ní àwòrán ẹja kan tí imú rẹ̀ gùn bí ayùn. Ẹ máa wò ó. Lẹ́tà kan tún wà lára nọ́ńbà owó náà tó ń sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún: B ni Bẹ̀nẹ̀, T ni Tógò, A ni Côte d'Ivoire, H ni Niger. Èyí kò ní kó dà yín láàmú, nítorí owó tó ní T ṣeé ná ní Kútọnu, èyí tó ní B náà sì ṣeé ná ní Lómẹ. Orílẹ̀-èdè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń ná an bákan náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ré kọjá Lómẹ lọ sí Àkrà, ẹ rántí pé sídì ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2007 ni Gánà yọ òdo mẹ́rin kúrò lára sídì, 10,000 ti àtijọ́ di 1. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń fi ẹnu àtijọ́ pe owó fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ "mílíọ̀nù kan," ẹ bèèrè dáadáa, ó lè jẹ́ 100 sídì ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni iye tí wọ́n ń pè. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe èèyàn méjì tó wà ní Kútọnu, ẹ bi wọ́n ní iye tí sẹ́fà jẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pè é. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń sọ iye náírà tó jẹ́ 1,000 sẹ́fà. Lọ́hùn-ún, wọ́n lè sọ iye sẹ́fà tí wọ́n máa fún yín lórí ₦1,000. Ká sọ pé 1,000 sẹ́fà jẹ́ ₦2,500. Lọ́nà kejì, ₦1,000 yóò jẹ́ 400 sẹ́fà nìyẹn. Bí ẹnì kan bá wá ní 390 lòun máa fún yín, ẹ lè wò ó pé mẹ́wàá péré ni, kí ló wà níbẹ̀? Bí ẹ bá gbé ₦500,000 lọ, 200,000 sẹ́fà ló yẹ kí ẹ gbà, 195,000 lẹ máa gbà. Mẹ́wàá péré yẹn ti di 5,000 sẹ́fà, ìyẹn ₦12,500. Owó ọkọ̀ nìyẹn, ó ti lọ. Kàkùlétọ̀ wà lórí fóònù gbogbo wa báyìí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò, kó ní kí ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Iye tí wọ́n ń tà sẹ́fà fún wa àti iye tí wọ́n ń rà á padà kì í dọ́gba. Ẹni tó ta 1,000 fún yín ní ₦2,500 lè rà á padà ní ₦2,400. Bí 50,000 sẹ́fà bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín, tí ẹ ṣẹ́ ẹ padà, ohun tí ẹ fi ₦125,000 rà ti di ₦120,000. Nítorí náà, iye tí ẹ máa ná ni kí ẹ ṣẹ́. Bí ó bá ṣẹ́kù, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ tún ń lọ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ gbé e pamọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣẹ́ owó nínú ọkọ̀ tàbí lórí ìdúró. Ẹ wá ibi tí ẹ lè jókòó sí, lọ́dọ̀ ẹni tó ní ìsọ̀ tí ẹ lè padà bá. Ẹ̀yin ni kí ẹ kà á kẹ́yìn. Bí ó bá ti gbà á padà lọ́wọ́ yín, bó jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má kó gbogbo owó sójú kan. Kí díẹ̀ wà nínú tòbí, kí èyí tí ẹ máa ná lójú ọ̀nà wà nínú pọ́ọ̀sì, kí ẹ má baà máa tú ìdí síta níwájú èrò nítorí owó omi. Ẹni tó bá sì gbé owó ńlá, kó rántí òfin. Owó tó bá ju 10,000 dọ́là lọ, tàbí iye tó bá a dọ́gba ní owó mìíràn, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù kí á tó gbé e kọjá. Ẹni tó bá fi pamọ́, tí wọ́n rí i, ó lè pàdánù rẹ̀.

Díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń lọ wo ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí tí ẹ ń lọ ra ọjà ní Dùbáì. Owó tí wọ́n ń ṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú sábà máa ń wọ́n ju ti ìgboro lọ, iye tó máa gbé yín délé nìkan ni kí ẹ ṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá fi káàdì sanwó, tí ẹ̀rọ bi yín bóyá owó ilẹ̀ ibẹ̀ tàbí owó ilé yín lẹ fẹ́ fi san, ẹ mú owó ilẹ̀ ibẹ̀. Bí ẹ bá mú ìkejì, onítọ̀hún ló máa fúnra rẹ̀ pe iye fún yín, kì í sì í sábà dára.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an.

Ọ̀kan nínú wa wà níjòókòó báyìí. Ó ní ká sọ ọ́, ká má dárúkọ òun. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó yá ₦250,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́. 1,000 sẹ́fà jẹ́ ₦1,250 nígbà náà, ó sì ṣẹ́ ẹ sí 200,000 sẹ́fà. Oníbàárà rẹ̀ ní Kútọnu fọkàn tán an, ó fún un ní ọjà 800,000 sẹ́fà. Ó san 200,000, ó jẹ 600,000 sílẹ̀. Ọjà mílíọ̀nù kan náírà nìyẹn. Ó tà á ní ₦1,200,000. Èrè ₦200,000, àbí?

Ó dá ₦250,000 ẹgbẹ́ padà lóṣù kẹjọ. Nínú èrè, ó mú ₦150,000 san owó ilé-ìwé ọmọ. ₦800,000 ṣẹ́kù. Gbèsè 600,000 sẹ́fà, nínú ìṣirò tirẹ̀, ₦750,000 ni, owó ṣì kù. Ó gbé e lọ sí Kútọnu lóṣù kẹwàá. Nígbà tó fi dé ibẹ̀, 1,000 sẹ́fà ti di ₦1,600. Gbèsè náà ti di ₦960,000. Ọjà ti tán, èrè ti wọ ilé-ìwé, ó sì fi ₦160,000 dín. Ó padà wálé, ó ta fíríìsà rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Owó sẹ́fà so mọ́ owó Yúróòpù. Láti ọdún 1999, yúrò 1 jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kò sì tíì yí padà. Òun náà ti ṣubú rí, àwọn ìyá wa àgbà máa rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, nígbà tí fírántì Faransé 1 tó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ní 2023, náírà ló ṣí nídìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ ní kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bíi ₦470 ní báńkì kó tó di ọjọ́ náà ti kọjá ₦1,400 ní oṣù kejì 2024. Arábìnrin wa kò fi owó ṣeré o. Sẹ́fà ló jẹ, náírà ló fi pamọ́.

Àwa aláṣẹ náà jẹ̀bi. Ní ìpàdé oṣù kẹjọ, a pàtẹ́wọ́ fún un pé ó tètè dá lóònù padà, a ní kí àwọn yòókù fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi í pé, "Sẹ́fà ńkọ́?" Ìwé ẹgbẹ́ dára, ilé rẹ̀ ń jò. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo yín lónìí.

Ó san gbèsè náà tán lẹ́ẹ̀mejì. Oníbàárà rẹ̀ ní sùúrù, ó sì ń fún un lọ́jà títí di òní. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbàafà. Òun kò bẹ́gi dínà, kò sì ba orúkọ wa jẹ́ ní Kútọnu.

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo wa mú lọ sílé kò pọ̀. Gbèsè tí a bá jẹ ní sẹ́fà, sẹ́fà ni ká fi pamọ́ fún un. Bí ọjà bá ṣe ń tà, ká máa ṣẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, títí yóò fi pé. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn náà la lè pè ní èrè. Bí sẹ́fà bá gòkè nígbà tí ọjà ṣì wà nílẹ̀, ká bèèrè iye tí a máa fi rà á padà kí á tó sọ iye tí a máa tà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ tọrọ lóònù ìrìn-àjò lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kó mú ìwé pélébé wá: iye ọjà ní sẹ́fà, iye tí sẹ́fà jẹ́ lọ́jọ́ náà, iye tó máa jẹ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Tí ó bá wá dá lóònù padà, akápò yóò bi í pé, "Sẹ́fà ńkọ́?" Ẹ má bínú sí akápò o. Ẹgbẹ́ ló rán an.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ẹ má dá lọ, ẹ jọ máa lọ, kí ẹnì kan máa kà, kí ẹnì kejì máa ṣọ́ ọ. Ọjà á tà, ẹ ò ní pàdánù, ẹsẹ̀ tí ẹ bá gbé jáde, òun náà lẹ máa gbé wọlé.