Ìwé Ọwọ́ Ọ̀rẹ́

Ẹni tó fẹ́ràn ìwé Fágúnwà, ìtàn ọdẹ àti iwin ló máa ń wá kiri. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ka ìtàn ọ̀daràn fún un ní Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ. Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́, ni yóò bá níbẹ̀, tó ń tọpa àwọn ọ̀daràn. Kò sí iwin kankan, síbẹ̀ àyà á máa já.

Kí olólùfẹ́ Fágúnwà náà má gbà á lásán o! Kó fi Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1938, ṣe pàṣípààrọ̀. Àwàdà inú rẹ̀ nìkan tó ohun tí ẹni tó ń ka ìtàn ọ̀daràn yóò fi gbádùn rẹ̀.

Ẹ yá ọ̀rẹ́ yín níwèé kan lónìí, kí ẹ sì gba tirẹ̀.