Àṣìṣe Oògùn: Ìbéèrè Tó Yẹ Kí Aláìsàn Bèèrè Kí Ó Tó Padà Sílé



Àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí ènìyàn ń wá ìlera sí lè gba ìlera náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan ní ọdún 2017, láti dín ìpalára ńlá tí àṣìṣe oògùn ń fà kù sí ìdajì láàárín ọdún 5.

Aláìsàn tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn ní nọ́ọ̀sì tí ń fún un lóògùn. Ẹni tí ó gba oògùn lọ sílé kò ní. Bí àṣìṣe bá bá a kúrò lójú fèrèsé apoògùn, ó lè má sí ẹni tí yóò tún rí i mọ́.

Ọ̀nà tí àṣìṣe ń gbà wọlé pọ̀. Èkíní ni orúkọ tí ó jọra. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi Losec, oògùn ọgbẹ́ inú, pe Lasix, oògùn tí ń mú kí ènìyàn tọ omi ara dànù, títí wọ́n fi yí Losec padà sí Prilosec ní ọdún 1990. Èkejì ni àsìkò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate fún àrùn oríkèé ara. Àwọn tí ó ṣèèṣì lò ó lójoojúmọ́ ti kú. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n. Ṣíbí oògùn kékeré gba mílílítà 5, ńlá gba 15. Ìyá tí ó fi ńlá rọ́pò kékeré ti fún ọmọ rẹ̀ ní ìlọ́po 3. Ẹ̀kẹrin, paracetamol ni Panadol. Ẹni tí ó lo méjèèjì pọ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ láìmọ̀.

Ní oṣù Ràmàdáánì, àwọn mìíràn a máa kó oògùn ìgbà 3 lo lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ìṣínu. Ewu ni. Kí aláìsàn rí dókítà kí oṣù tó wọlé. Al-Qur'ān ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ rẹ̀ padà ní ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka bíbi apoògùn ní ìbéèrè sí àrífín, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á sì lọ. Ìdákẹ́jẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀wọ̀. Kí aláìsàn bèèrè pé: Kí ni orúkọ oògùn yìí? Àìsàn wo ni ó wà fún? Mélòó ni lílò rẹ̀, nígbà wo, fún ọjọ́ mélòó? Kí ó tún ìdáhùn náà sọ fún apoògùn létí ara rẹ̀. Kí ó dárúkọ gbogbo oògùn mìíràn tí ó ń lò, àti àgbo pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá àwọn òbí yín ka ohun tí a kọ sára oògùn wọn. Bí hóró oògùn bá yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé e mì kí ẹ tó padà lọ bèèrè.

Abéèrè kì í ṣìnà. Kí Allāhu bùn gbogbo aláìsàn ní ìwòsàn. Àmín.