Ẹ Má Sọ Fún Un Pé "Ó Ku Díẹ̀"

Bóyá inú ọkọ̀ lẹ wà, bóyá ilé ìdáná lẹ wà, ẹ dákun, ẹ yá mi létí díẹ̀. Eré sísá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹni tó gba ipò kìíní. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ mi kàn, àti àwa tí a dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí à ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Gbogbo wa la mọ máráthọ́ọ̀nù: kìlómítà 42 àti díẹ̀. Eré tó bá ti gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè ní ultramarathon. Ó lè jẹ́ kìlómítà 50, ó lè jẹ́ 100, ó lè jẹ́ 160. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe orí títì ọlọ́dà. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, nínú oko, nínú igbó, lórí òkè.

London ni mò ń gbé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi, a máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí South Downs, àwọn òkè kan ní gúúsù England, nítòsí òkun. Ẹfun ló wà lábẹ́ koríko ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹfun yẹn a máa yọ̀ bí ọṣẹ. Eré ibẹ̀ kò jọ ti orí títì. Bí òkè bá dé, à ń rìn. Bí a bá gun orí rẹ̀ tán, à ń sá. Kò sẹ́ni tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ògbólógbòó pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Géètì sì pọ̀ lójú ọ̀nà: ṣí i, kọjá, tì í padà, kí àgùntàn olóko má baà jáde. Ìwọ̀n eré tí a fi lè máa tàkúrọ̀sọ ni a ń sá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dákẹ́, a mọ̀ pé eré ti pọ̀ jù.

Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ South Downs Way, láti Winchester títí dé Eastbourne, kìlómítà 160. Lóṣù kẹfà, àwọn kan máa ń sá gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. South Downs Way 100 ni orúkọ ìdíje náà, nítorí máìlì 100 ni. Wákàtí 30 ni wọ́n fún wọn. Bí èèyàn bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò ní kà á mọ́ àwọn tó parí. Ẹ̀bùn ẹni tó bá parí kì í sì í ṣe owó. Irin ìdè bẹ́líìtì kan ni.

Ọ̀rẹ́ mi gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún kan. Ó sá, ó rìn, ó fi tọ́ọ̀ṣì orí la òru já, ó dé abúlé Alfriston, kìlómítà 147. Ibẹ̀ ló jókòó sí, kò sì lọ mọ́. Nígbà tí mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo rò pé orúnkún ló máa sọ. Ó ní, "'Ó ku díẹ̀' ló pa mí." Ó ní láti kìlómítà 100 ni gbogbo ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ti ń sọ fún òun pé ó ku díẹ̀. Òun á gbà wọ́n gbọ́, òun á tiraka gun òkè, òun á tún rí òkè mìíràn níwájú. Nígbà tó yá, òun kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, títí kan ara òun.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ wò ó, báwo làwa ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́? A kì í sọ fún ẹni tó ń kọ ebè pé ó ku díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o" là ń wí. Ẹni tó ń rìn, ẹ kú ìrìn. Ẹni tí òtútù ń mú, ẹ kú òtútù. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́wọ́ là ń kí i fún, kì í ṣe òpin tí kò tíì rí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Southease láàárọ̀ Sunday. Àwọn tó gba ipò iwájú ti parí láti alẹ́ Sátidé, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti sùn. Àwọn tó kù lójú ọ̀nà ni àwọn tí a torí wọn wá. A sá gba orí òkè Firle Beacon lọ sí Alfriston, bíi kìlómítà 12. Ẹsẹ̀ àwọn tí à ń bá lọ́nà ti lé ròrò, òmíràn ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, màá kígbe, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ọkùnrin kan dá a padà fún mi, "Ekushé!" Ahọ́n rẹ̀ kò gbé e, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ dé etí.

Ní Alfriston, màmá kan jókòó sórí àga, ó ń wo ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi lóṣòó tì í. Ó ní, "Mà, ó ku kìlómítà 13 àti ààbọ̀. Òkè méjì gidi ló wà níbẹ̀. Ẹ ní wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá rìn kánkán, ó máa tó." Màmá gbójú sókè, ó ní, "Ṣé ìwọ ti sá a rí?" Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ibi tí ẹ jókòó sí yìí ni mo jókòó sí, mi ò sì dìde." Màmá wò ó títí. Ó ní kí ó fa òun dìde.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí à ń bá bọ̀, ọ̀rẹ́ mi ṣí fóònù rẹ̀, ó wá nọ́ńbà màmá náà. Ó parí, ìṣẹ́jú 19 ló ṣẹ́kù. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé London. Ó wá ní, "Mo máa padà lọ sá a."

Irú èyí kò mọ sí England nìkan. Ní California, ìdíje Western States wà, máìlì 100, wákàtí 30 bákan náà. Lọ́dún 2015, Gunhild Swanson, ẹni 70 ọdún, parí rẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 6 péré. Ẹ mọ ẹni tó wà lára àwọn tó sá tẹ̀ lé e ní máìlì tó kẹ́yìn? Rob Krar ni, ẹni tó gba ipò kìíní lọ́dún yẹn! Ó ti parí tirẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Sílípáàsì ló wọ̀ sá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Èkó, bí Lagos City Marathon bá tún dé, ẹ má fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ nígbà tí àwọn ará Kenya àti Ethiopia bá ti kọjá. Ẹ dúró. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, tí oòrùn ti pa lórí Third Mainland Bridge, òun gan-an ló nílò ohùn yín. Bí orúkọ bá wà láyà rẹ̀, ẹ fi pè é. Bó bá bi yín pé mélòó ló kù, ẹ sọ òótọ́ fún un. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ṣáà kí i pé ó kú iṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ láéláé.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín kan tó ń sá nǹkan tó gùn lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ eré, ìbáà jẹ́ ilé ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ wíwá. Ó dìgbà kan ná o.