Ẹ̀mí Gígùn Tí À Ń Tọrọ: Ẹ̀kọ́ Lára Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀

    

Ẹ bá mi ṣí Bíbélì yín sí Ìhìn Rere Lúùkù, orí kejì, láti ẹsẹ kẹrìndínlógójì. Ẹni tó bá ti rí i kó sọ pé Àmín. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ánà, wòlíì ni, ọmọ Fánúẹ́lì. Ọdún méje péré ló fi bá ọkọ rẹ̀ gbé kí ọkọ tó kú. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Lúùkù kọ sí i lọ́rùn, kò fi pamọ́. Tẹ́ńpìlì ni ìyá yìí wà tọ̀sán-tòru. Ẹ wá wò ó o: Lúùkù kò sọ bóyá ó bímọ, kò sì sọ bóyá ọmọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó kọ ni ohun tí ìyá náà ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi Bíbélì sílẹ̀ ní ṣíṣí, a máa padà síbẹ̀.

Ẹ̀mí gígùn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí láàárọ̀ yìí. Bí a bá ń sọmọ lórúkọ, ẹ̀mí gígùn là ń tọrọ. Bí a bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, ẹ̀mí gígùn ni. Bí ẹnì kan bá jáde wá dúpẹ́, kí pásítọ̀ tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí gígùn ni Àmín rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu. Ó dára. N ò ní ká má tọrọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín léèrè: ṣé ẹ ti tú ẹrù tí ẹ ń tọrọ yìí wò? Nítorí ẹni tó bá pẹ́ láyé, ohun tó pọ̀ lojú rẹ̀ máa rí.

Obìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n. Màmá Hannah Ìdòwú Dídéolú Awólọ́wọ̀, ìyàwó Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Pásítọ̀, Áńgílíkà ni Màmá Awo, kí ló kàn wá?” Arákùnrin, jókòó jẹ́jẹ́. Rúùtù kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, ìwé rẹ̀ sì wà nínú Bíbélì tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. N ò sì wá polongo ẹgbẹ́ òṣèlú kankan.

Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ni wọ́n bí Màmá sí, ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1915. Òun nìkan lọ́mọ tó kù fún àwọn òbí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ wo orúkọ rẹ̀ dáadáa: Ìdòwú. Ìbejì ló máa ń ṣáájú Ìdòwú, àbí? Síbẹ̀ òun nìkan ló kù. Ilé tó ti dàgbà, ilé ìyá tó ti sunkún ọmọ ni.

Ó kàwé ní Methodist Girls’ High School l’Ékòó. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1937, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ó fẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọkọ ò tíì di nǹkan kan nígbà náà o! Òwò kòkó àti òwò mọ́tò tó ń ṣe dojú dé, ó jẹ gbèsè. Arábìnrin tó ń gbàdúrà pé ọkọ tó ti ra jíìpù sílẹ̀ ni kí Ọlọ́run fún òun, ṣé o ń gbọ́ mi? Ní ọdún 1944 ọkọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ìyàwó dúró sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó ń ṣòwò. Òwò aṣọ ló wá sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tó fi di ọdún 1954, ọkọ ti di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní 1955 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí bàbá yín tipa ẹ̀ mọ ìwé kà, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń jáde láàárọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ìlú, ẹnì kan ló ń dá ilé dúró fún un. Olóyè fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé ohun iyebíye tí ènìyàn ò lè díye lé ni ìyàwó òun.

Ọlọ́run fi ọmọ márùn-ún ta wọ́n lọ́rẹ. Títí dé ibí yìí, gbogbo wa là ń ṣe Àmín.

Ọdún 1962 wá dé. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n jùjàkadì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin n’Íbàdàn, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì. Wọ́n ká Olóyè mọ́ ibì kan, wọ́n sì wá gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó fẹ́ dojú ìjọba dé. Àwọn tó ń jẹun nínú ilé yẹn tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ wọn já. Ẹ̀yin tí wàhálà ti bá rí, ẹ mọ bí fóònù ṣe máa ń dákẹ́ lọ́sàn-án gangan. Ìgbà yẹn, ìlẹ̀kùn ló dákẹ́.

Nínú ẹjọ́ yẹn ni wọ́n wà, ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1963, tí Ṣẹ́gun àkọ́bí wọn fi kú nínú ìjàm̀bá mọ́tò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Agbẹjọ́rò ni, Cambridge ló ti kàwé. Kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án, adájọ́ ní kí ọkọ lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Nínú oṣù kẹsàn-án kan náà yẹn, wọ́n bí ọmọkùnrin kan fún Ṣẹ́gun tó ti lọ. Wọ́n sọ òun náà ní Ṣẹ́gun.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Òkú ọmọ, ẹ̀wọ̀n ọkọ, ìkókó tí kò ní rí bàbá, gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Bí a bá ní kí obìnrin náà wọlé kó ti ìlẹ̀kùn títí ayé, ta ni yóò bá a wí? Kò ti ìlẹ̀kùn. Ní 1964, nígbà tí ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ àti NCNC parapọ̀ di UPGA, òun ló bọ́ síta dúró ní ipò ọkọ rẹ̀ láti polongo ìbò. Ẹni tó jẹ́ pé òwò aṣọ àti ọmọ títọ́ la mọ̀ ọ́n mọ́, ó dúró níwájú èrò tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 1966 kí wọ́n tó dá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n Kàlàbá.

Mo ń yára kọjá o. Ìbò ọdún 1979, ìbò ọdún 1983, ó bá ọkọ rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, méjèèjì ò bọ́ sí i. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1987, Olóyè wọ káà ilẹ̀ lọ. Ó ku oṣù díẹ̀ kí wọ́n fi pé àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Màmá di opó ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Opó tó bá dé ọjọ́ orí yẹn, kí la sábà máa ń sọ fún un? “Màmá, ẹ lọ sinmi.” Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló tún lò láyé lẹ́yìn ọkọ rẹ̀! Ìwé ìròyìn Tribune tí ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1949, òun ló wá di alága rẹ̀, ìwé ìròyìn náà kò kú. Ẹ̀yin ò mọ iye ilé tó ń jẹun nínú ilé iṣẹ́ kan, àyàfi tí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé ni ẹ tó máa mọ̀. Wọ́n fi í jẹ Yèyé Oòduà. Bí àwọn olóṣèlú ilẹ̀ Yorùbá bá ti forí gbárí, Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ, lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹni tí kò lè jókòó pọ̀ mọ́ ẹnì kejì n’Íbàdàn, á jókòó pọ̀ mọ́ ọn ní pálọ̀ Màmá.

Ẹ tún Lúùkù orí kejì wò. Ta ló jọ?

Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà tí Ayọ̀délé ọmọ rẹ̀ obìnrin kú ní 2011. Ní 2013, Olúwọlé kú. Ọmọ márùn-ún, mẹ́ta ti ṣáájú ìyá wọn lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, wọ́n búra fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀sínbàjò gẹ́gẹ́ bí igbákejì Ààrẹ. Dọ̀lápọ̀ ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ayọ̀délé yẹn ni. Ìyá tó bí i kò sí láyé láti rí i. Ìyá àgbà rí i.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí, ẹ fetí sí mi. Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ Awólọ́wọ̀ kúrò nínú ìtàn yìí. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan tó ń ta iyọ̀ ní àdúgbò yín ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó bí ọmọ márùn-ún, ó ti sin mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ sì ti súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò fojú sùn, etí rẹ̀ ń gbọ́ràn. Kí ni wọ́n máa ń pè é? Ẹ má wo ilẹ̀, ẹ wò mí lójú! “Ìyá yẹn ló ń jẹ ọjọ́ orí àwọn ọmọ rẹ̀.” Àbí irọ́ ni mo pa? Àwọn ìyàwó ilé á máa gbé ọmọ wọn pamọ́ tó bá ń kọjá. Ọmọ tó kù á máa wá kí i nínú ọkọ̀, kò ní sọ̀kalẹ̀. Tí wọ́n bá sì mú un wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwa tí à ń pe ara wa ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run á ní kó kúnlẹ̀, kó jẹ́wọ́, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún!

Ẹ̀mí gígùn tí a ń tọrọ lọ́jọ́ ìsinmi, òun náà la fi ń fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹni tí Ọlọ́run bá fi fún. Ṣé ẹ rí ohun tí à ń ṣe? Bí obìnrin bá máa gbé láyé fún ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ náà á ti di arúgbó. Arúgbó sì ń ṣàìsàn, arúgbó ń kú. Ìṣirò lásán ni, kò la ti àjẹ́ lọ.

Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu yín: ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òwe àgbà ni, n ò bá àgbà jà, àdúrà rere sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi na ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìyá tó lóyún, tó bímọ, tó fún un lọ́mú, tó rán an níléèwé, ó bímọ! Bó sin ín ní ọjọ́ mẹ́jọ, ó bímọ. Bó sin ín ní àádọ́rin ọdún, ó bímọ.

Ẹ rántí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, Élífásì, Bílídádì àti Sófárì. Ọmọ mẹ́wàá kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ tó dára jù tí wọ́n ṣe nínú ìwé yẹn nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló wá bínú sí wọn níkẹyìn, Jóòbù ló bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin Élífásì inú ìjọ yìí, mo ti rí yín.

Màmá Awo sùn ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ fún ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí ìbá pé ọgọ́rùn-ún gan-an, ni wọ́n sin ín ní Ìkẹ́nnẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin méjì tó kù, àti àwọn ọmọ-ọmọ, wà níbẹ̀.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ gbàdúrà. Gbogbo ìyá tó ti sin ọmọ, ì báà jẹ́ oyún tó wálẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ àná, ì báà jẹ́ àgbàlagbà tó ti ń hewú, ẹ jáde wá síwájú. Ẹ má bẹ̀rù, a ò ní bi yín ní ìbéèrè kankan. Bàbá tó bá sin ọmọ náà, ẹ máa bọ̀. Màmá tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ rọra, ẹ bá mi mú wọn lọ́wọ́. Rárá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀. Àwọn ọ̀ṣà, ẹ gbé àga wá, ẹ tò ó síwájú níbí, kí wọ́n jókòó. Ẹgbẹ́ akọrin, ẹ dákẹ́ ná, ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí kámẹ́rà, ẹ yí i kúrò lójú wọn.